Láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Mọ́kà: Ẹ Ka Wákàtí Láti Ẹnu Ọ̀nà Ilé



Nínú abala ìlera àti ìmọ́tótó wa ti oṣù yìí, ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ni a fẹ́ bá yín sọ. Bí a ti ń ṣe Háájì àti Úmúrà, àwọn àáfà wa ń kọ́ wa nípa ìyẹn, Ọlọ́hun yóò san wọ́n ní ẹ̀san rere. Ara tó ń gbé wa débẹ̀ ni tiwa.

Ní àdúgbò wa yìí, ọmọ tó bá ń gbèrò láti rán ìyá tàbí bàbá rẹ̀ lọ sí Mọ́kà, ìbéèrè àkọ́kọ́ lẹ́yìn ti owó ni pé, "Wákàtí mélòó ni bàálù ń rìn láti Èkó dé Jíddà?" Bí wọ́n bá ti dá a lóhùn pé wákàtí márùn-ún àti díẹ̀ ni, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Á ní, "Ìyẹn ò ju Èkó sí Ìlọrin lọ. Ìyá wa á gbé e." Ìdáhùn yẹn kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò pé. Wákàtí tí bàálù fi ń fò ni wọ́n sọ fún un, wọn kò sọ wákàtí tí ara ìyá yóò fi wà lẹ́nu ìrìn. Àárín méjèèjì yẹn ni àìsàn ti ń rí àyè wọlé.

Báwo ni ọ̀nà náà ti jìn tó?

Bí a bá lè fa okùn tààrà láti pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà dé pápákọ̀ òfurufú King Abdulaziz ní Jíddà, okùn náà yóò gùn tó nǹkan bíi 4,200 kìlómítà. Láti Ìkẹjà dé Mọ̀dínà jẹ́ nǹkan bíi 4,350. Bàálù ńlá máa ń sáré tó nǹkan bíi 850 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹ fi 850 pín 4,200, ẹ ó rí i pé ó ku díẹ̀ kó pé 5. Ẹ wá fi àsìkò tó fi ń gbéra àti èyí tó fi ń sọ̀kalẹ̀ kún un. Ibẹ̀ ni "wákàtí márùn-ún àti díẹ̀" ti wá.

Ṣùgbọ́n bàálù kì í fi gbogbo ìgbà gba ojú okùn. Ọ̀nà tààrà yẹn gba orí ilẹ̀ Chad àti Sudan kó tó la Òkun Pupa kọjá. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Sudan ní oṣù kẹrin ọdún 2023, wọ́n ti òfurufú ibẹ̀ pa fún bàálù èrò. Nígbà Háájì ọdún náà, àwọn bàálù tó gbé èrò láti Nàìjíríà ní láti yí Sudan ká. Wákàtí gùn sí i, ó di bíi 7, owó ọkọ̀ náà sì lọ sókè.

Bàálù tó ń yà níbòmíràn tún wà. Ẹni tó bá gba Addis Ababa yóò fò tó nǹkan bíi 3,900 kìlómítà kó tó débẹ̀, yóò sì tún fò tó 1,400 kó tó dé Jíddà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 5,300. Ẹni tó bá gba Istanbul yóò kọ́kọ́ fò 4,600 lọ sókè, yóò wá padà sísàlẹ̀ ní 2,400. Ìyẹn jẹ́ 7,000 kìlómítà, láì tíì ka wákàtí tí yóò fi jókòó de bàálù kejì. Tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ lè dín owó kù fún ọmọ tó ń sanwó, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé ara òbí òun ni yóò san ìyókù.

A kò ráhùn o. Kí bàálù tó dé, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ wa ló fi ẹsẹ̀ rìn gba ilẹ̀ Chad àti Sudan dé etí Òkun Pupa, tí wọ́n tún wọ ọkọ̀ ojú omi. Ọdún mélòó kan ni àwọn mìíràn lò lójú ọ̀nà. Àwọn kan sì tẹ̀dó sí Sudan, tí àrọ́mọdọ́mọ wọn wà níbẹ̀ títí di òní. Ìdẹ̀ra ńlá ni Ọlọ́hun ṣe fún wa. Ìmoore fún ìdẹ̀ra náà ni kí á mọ bí a ti ń lò ó.

Wákàtí 19, kì í ṣe 5

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò kan. Ilé wa ní Ẹ̀gbẹ́dá kò jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Bàálù tó ń gbéra níbẹ̀, à ń gbọ́ ìró rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ Ìyánà-Ìpájà nígbà tí òjò bá rọ̀ mọ̀ pé sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kì í béèrè bóyá alálàájì ló wà nínú ọkọ̀.

Ká ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni bàálù yóò gbéra. Aago méjì ọ̀sán ni ìyá yóò kúrò nílé, torí wọ́n ní kí wọ́n tètè dé fún àyẹ̀wò ìwé àti ẹrù. Ká ní bàálù lo wákàtí 7. Nígbà tó bá balẹ̀ ní Jíddà, aago mẹ́rin ìdájí ni lọ́dọ̀ tiwa, ṣùgbọ́n aago mẹ́fà ni níbẹ̀, torí wọ́n fi wákàtí 2 ṣíwájú wa. Ìlà ìwé ìrìnnà, ẹrù àti dídúró de bọ́ọ̀sì lè gba wákàtí 3. Láti ibẹ̀ dé Mọ́kà jẹ́ nǹkan bíi 100 kìlómítà. Bí bọ́ọ̀sì bá lo wákàtí 2, aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni ìyá yóò gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ní Ẹ̀gbẹ́dá, aago mẹ́sàn-án ni nígbà yẹn.

Láti aago méjì ọ̀sán dé aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wákàtí 19 ni. Nínú rẹ̀, 7 péré ni bàálù fi wà lókè. Àwọn 12 yòókù, orí ilẹ̀ ni: nínú ọkọ̀, lórí ìlà, lórí àga. Ìyá wa kò sùn dáadáa, kò jẹun bó ti yẹ, òògùn rẹ̀ wà nínú àpò ńlá tó ti wọ inú ikùn bàálù lọ. Ẹ wá rí i pé kì í ṣe Èkó sí Ìlọrin mọ́.

Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti kọ́ wa pé ìnira wà nínú ìrìn-àjò, torí pé ó ń dí ènìyàn lọ́wọ́ oorun, oúnjẹ àti omi. Ẹni tó bá fẹ́ ran òbí rẹ̀ lọ́wọ́, nǹkan mẹ́ta yẹn gan-an ni kí ó mójú tó.

Omi àti àlùwàlá

Èyí ló mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ìyá wa ni kì í mu omi lọ́jọ́ ìrìn-àjò. Bí ẹ bá béèrè ìdí, wọn á ní àwọn kò fẹ́ kí àlùwàlá bàjẹ́. Àwọn mìíràn kò mọ bí wọ́n ti ń ṣí ilẹ̀kùn tọ́lẹ́ẹ̀tì bàálù, ojú sì ń tì wọ́n láti béèrè. Nítorí náà wọn á gbẹnu dákẹ́ láti Ẹ̀gbẹ́dá títí dé Jíddà. Ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ló fà á, a kò sì lè bá wọn wí fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ara ń san gbèsè rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ inú bàálù gbẹ ju ti ọyẹ́ lọ fún ọ̀pọ̀ ara wa tó ń gbé Èkó. Ètè á gbẹ, ojú á máa ta, ọ̀fun á máa yún ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ náà fẹ́lẹ́. Lóòótọ́ wọ́n ń fún afẹ́fẹ́ sínú bàálù, ṣùgbọ́n ó máa ń dà bí ẹni pé ènìyàn wà lórí òkè tó ga tó 1,800 sí 2,400 mítà. Ara tó le kò ní mọ̀ ọ́n lára púpọ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára, ẹni tó ní ikọ́ fée àti ẹni tó ń bá àrùn síkúlà, ìyẹn fọ̀níkú-fọ̀ladìde, fínra lè mọ̀ ọ́n gan-an. Fún oníṣíkúlà, òùngbẹ àti afẹ́fẹ́ tí kò tó lè ru ìrora egungun sókè. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí dókítà kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Àwọn àgbà ní omi ò lọ́tàá. Kí òbí wa máa mu omi díẹ̀díẹ̀ láti òwúrọ̀ ọjọ́ ìrìn-àjò, kí ó sì máa bá a lọ nínú bàálù, ife kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tàbí bẹ́ẹ̀. Wọn kò ní jẹ́ kí ike omi tó kún kọjá ibi àyẹ̀wò, nítorí náà ẹ fún wọn ní ike òfìfo, kí wọ́n bu omi sí i tí wọ́n bá wọlé tán. Ẹni tí dókítà ti ní kó dín omi kù nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín, kí ó bi dókítà rẹ̀ iye tó yẹ kó mu.

Ní ti àlùwàlá, ẹ̀sìn wa kò fẹ́ ìnira. Wọ́n gbà á wá pé ìwọ̀n omi tó kún àtẹ́lẹ́wọ́ méjì tí a pa pọ̀ ni Ànábì fi ń ṣe àlùwàlá. Ike kékeré kan tó fún un. Ẹni tí kò bá rí omi tàbí tí omi yóò ṣe ní jàǹbá, Àlùkùránì ti fún un ní tàyámọ̀mù. Arìnrìn-àjò ní àǹfààní láti gé ìrun kúrú àti láti pa méjì pọ̀. Ànábì kò sì fẹ́ kí ènìyàn máa kírun nígbà tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń gbọ̀n ọ́n. Ẹ jókòó pẹ̀lú lèmọ́mù àdúgbò yín ṣáájú ọjọ́ náà, kí ó fi ọ̀nà tó rọrùn han òbí yín, kí ọkàn wọn lè balẹ̀ láti mu omi.

Ìmọ́tótó nínú tọ́lẹ́ẹ̀tì bàálù

Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn nílé, kí wọ́n má baà máa ṣe kàyéfì lókè. Ilẹ̀kùn rẹ̀ sábà máa ń ká sínú láti àárín, kì í ṣe èyí tí à ń fà síta. Tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn náà pa láti inú ni iná yóò tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Bọ́tìnì ni wọ́n ń tẹ̀ láti fọ̀ ọ́, yóò sì hu bí ẹni pé ó fẹ́ fa nǹkan lọ. Kì í ṣe ènìyàn ni kò lè fà o! Kí wọ́n kọ́kọ́ dìde, kí wọ́n bo ó, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Omi ẹ̀rọ inú tọ́lẹ́ẹ̀tì bàálù wà fún ọwọ́ fífọ̀, kì í ṣe fún mímu. Ẹ bu omi sínú ife tàbí ike fún ìwẹ̀nùmọ́. Ẹ má ṣe da omi sílẹ̀, ẹ má sì gbé ẹsẹ̀ sínú ibi ìfọwọ́ kékeré yẹn, torí ilẹ̀ tó tutù ti ṣubú lu ọ̀pọ̀ àgbàlagbà. Ẹ fi bébà nu ibi tó bá tutù fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín. Ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ ọwọ́. Ẹni tó bá ti wọ haramí, kí ó ṣọ́ra fún ọṣẹ àti aṣọ ìnura olóòórùn dídùn tí wọ́n ń pín nínú bàálù. Ẹ ra èyí tí kò ní òórùn dání láti ilé.

Ìyá tàbí bàbá tí ìtọ̀ kì í dá dúró lára rẹ̀ mọ́, ẹ ra páńpáàsì àgbàlagbà fún un. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àwọn àáfà ní ìdáhùn tó rọrùn nípa ìrun irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ẹsẹ̀ tó jókòó jù

Nígbà tí a bá ń rìn, ẹran ẹ̀yìn ojúgun wa máa ń fún ẹ̀jẹ̀ padà sókè sí ọkàn. Bí a bá jókòó fún wákàtí púpọ̀ tí ẹsẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á rọra máa pọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bàtà fi ń há. Wíwú bẹ́ẹ̀ sábà máa ń lọ bí a bá sùn tí a gbé ẹsẹ̀ lé nǹkan. Èyí tó burú ni kí ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan ẹsẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì náà bá já, ó lè gba inú iṣan lọ dí ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn sì lè pa ènìyàn.

Ní ọdún 2007, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé àbọ̀ ìwádìí jáde pé ẹni tó bá jókòó sójú kan fún wákàtí 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú ìrìn, ewu yìí máa ń di ìlọ́po méjì fún un. Wọ́n ní bàálù nìkan kọ́, bọ́ọ̀sì, mọ́tò àti ọkọ̀ ojú irin náà ni. Kí ẹ̀rù má bà yín jù: nínú nǹkan bí ènìyàn 6,000 tí ara wọn le, ẹnì kan ló lè bá. Ṣùgbọ́n ewu náà pọ̀ sí i fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì lára rẹ̀ rí, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ẹni tó ní jẹjẹrẹ, ẹni tó sanra gan-an, aláboyún, abiyamọ tuntun àti àgbàlagbà.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ kò tíì dẹ́kun nǹkan oṣù, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ọ̀pọ̀ nínú yín máa ń lo òògùn tó ń dá nǹkan oṣù dúró kí ẹ lè ṣe tàwáàfù. Àwọn kan nínú irú òògùn bẹ́ẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ẹ má lọ rà á lọ́wọ́ oníkẹ́mísìtì lásán. Ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀ pé ìrìn-àjò gígùn wà níwájú yín.

Ohun tí a lè ṣe kò le. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí òbí wa dìde rìn dé ẹ̀yìn bàálù, kó padà. Bí iná ìgbànú bá wà ní títàn, kí ó máa fi ìka ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kí ó tún fi gìgísẹ̀ tẹlẹ̀, lọ́nà ogún. Kí ó má ṣe kó báàgì sábẹ́ àga níwájú rẹ̀ tí kò fi ní rí ibi na ẹsẹ̀ sí. Ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ mọ́ra wà tí dókítà lè ní kí ènìyàn wọ̀. Obìnrin lè wọ̀ ọ́. Ọkùnrin tó ti wà nínú haramí kì í wọ ìbọ̀sẹ̀, nítorí náà dídìde rìn àti ẹsẹ̀ títẹ̀ ni tiẹ̀. Bí dókítà bá ní dandan ni ìbọ̀sẹ̀ fún un, kí ó bi àáfà rẹ̀ léèrè. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo òògùn oorun kó wá sùn fọnfọn sójú kan fún wákàtí 7. Kí ẹnikẹ́ni má sì fúnra rẹ̀ máa jẹ asipírìn nítorí ó gbọ́ pé ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn.

Òtútù tún wà. Aṣọ funfun méjì kò tó fún bàbá ẹni àádọ́rin ọdún nínú bàálù. Ó lè fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo ara, kí ó ṣáà má fi bo orí.

Òògùn àti aago méjì

Òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ìtọ̀ ṣúgà, ti ikọ́ fée, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì ọwọ́. Kí ó wà nínú páálí rẹ̀, kí ìwé dókítà sì tẹ̀ lé e. Insulin kò gbọ́dọ̀ wọ inú ikùn bàálù, torí òtútù ibẹ̀ lè bà á jẹ́. Ẹ kó èyí tí yóò tó fún gbogbo ọjọ́, kí ẹ sì fi ti ọ̀sẹ̀ kan lé e.

Wákàtí 2 tí Saudi fi ṣíwájú wa kò pọ̀ tó láti da ara rú. Ìyá tó ń lo òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá, tó bá di ọjọ́ kejì tó débẹ̀, aago mẹ́jọ ti ibẹ̀ ni kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ẹni tó ń gún insulin ni kí ó bá dókítà ṣètò rẹ̀ dáadáa, torí oúnjẹ inú bàálù lè pẹ́ kó tó dé. Kí ó ní nǹkan ìpanu lọ́wọ́, kó má baà di pé ṣúgà ara rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù. Òògùn kan wà fún ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ènìyàn tọ̀ púpọ̀, èyí ni àwọn òbí wa máa ń dá dúró lọ́jọ́ ìrìn-àjò. Ẹ bi dókítà ìgbà tí wọ́n lè lò ó. Ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Òògùn ìrora líle bíi tramadol kò ṣeé fi ṣeré ní Saudi. Ẹ má kó o lọ láìní àṣẹ, ẹ má sì bá ẹnikẹ́ni gbé páálí tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ kò ṣeé rà ní ìwé

Ìjọba Saudi ń béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára meningitis, àrùn tó ń bá awọ ọpọlọ jà tó sì ń mú ọrùn le. Oríṣi mẹ́rin ni abẹ́rẹ́ náà ń dènà: A, C, W àti Y. Ní Háájì ọdún 2000, oríṣi W tàn láàrin àwọn alálàájì, wọ́n sì gbé e dé ilé wọn ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ó kéré tán, ọjọ́ 10 ṣáájú kí ènìyàn tó débẹ̀ ni kí ó ti gbà á, kí ara lè ráyè múra. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú náà ń fẹ́ ọjọ́ 10. Láti ọdún 2016, ẹ̀ẹ̀kan tó fún gbogbo ayé ẹni. Wọ́n tún ń béèrè ti rọpárọsẹ̀ lọ́wọ́ èrò tó ń ti Nàìjíríà bọ̀.

Àwọn kan máa ń ra yẹ́lò káàdì láìgba abẹ́rẹ́ kankan. Òǹtẹ̀ kò lè dáàbò bo ènìyàn. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè kó àrùn wọ ilé tí àwọn ọmọ-ọmọ ti ń dúró de dàbínù.

Nígbà tí wọ́n bá débẹ̀

Lẹ́yìn wákàtí 19, ara ń bẹ̀bẹ̀ fún ìsinmi, ṣùgbọ́n ọkàn ń sáré lọ sí Kááábà. A mọ̀ ọ́n lára. Ẹ rántí pé Sọ́fà àti Máríwà nìkan, ìgbà méje rẹ̀, ó lé ní 3 kìlómítà, lẹ́yìn tàwáàfù. Ẹ̀sìn kò ní kí a ṣe é ní wákàtí tí a dé. Kí òbí wa jẹun, kó mu omi, kó gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí, kó sùn díẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ooru Mọ́kà kọjá 50 lórí òṣùwọ̀n, ó sì lé ní 1,300 ènìyàn tó kú nígbà Háájì ọdún náà. Ara tó ti gbẹ láti inú bàálù kò lè dojú kọ irú oòrùn bẹ́ẹ̀.

Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó gbóná, tó sì ń dun ènìyàn lẹ́yìn ojúgun, kì í ṣe ohun tí à ń fi òróró ra. Ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà. Bí àyà bá ń dunni lójijì, tí èémí kò sì dé ilẹ̀, kíákíá ni o. Èyí lè ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sì lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n bá padà dé Ẹ̀gbẹ́dá. Ẹ sọ fún dókítà pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn-àjò dé.

Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ yín nìyí

Ẹni tó san owó Háájì fún òbí ti ṣe ohun ńlá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ parí rẹ̀. Oṣù méjì ṣáájú, ẹ mú wọn lọ fún àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín, ìbáà jẹ́ ti ìjọba ní Ìgandò tàbí ibòmíràn. Lẹ́yìn ìrun Àsùbá, ẹ bá wọn rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́, kí ẹsẹ̀ wọn lè mọ ìrìn. Ẹ kọ orúkọ àìsàn wọn, òògùn wọn àti nọ́ńbà fóònù yín sínú ìwé kékeré kan, kí ó wà lọ́rùn wọn. Ẹ béèrè àga ẹ̀bá ọ̀nà fún wọn nínú bàálù. Bí wọn kò bá lè dúró pẹ́ lórí ìlà, ẹ béèrè kẹ̀kẹ́ arọ láti ìgbà tí ẹ bá ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ìmọ̀ràn yìí wà fún òbí tó ń lọ kí ọmọ ní London náà, níbi tó jẹ́ nǹkan bíi 5,000 kìlómítà sí Ìkẹjà, tí bàálù sì ń lo wákàtí 6 àti ààbọ̀. Ẹ ka tiwọn náà láti ẹnu ọ̀nà ilé.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tún bi yín pé wákàtí mélòó ni Èkó sí Jíddà, ẹ dá a lóhùn pé bàálù ní tiẹ̀, ara sì ní tiẹ̀.

Kí Ọlọ́hun Ọba kó wa lọ ire, kó wa bọ̀ ire, kó gba Háájì àti Úmúrà àwọn òbí wa ní ìjọ́sìn, kó sì dá wọn padà fún wa pẹ̀lú àlàáfíà. Àmín.

Wàsàlámù àlékùm wàráhmátúlàhì wàbàrákátúhù.